Bí Àríyànjiyàn Lórí Eré Àwàdà Ṣe Di Òwò

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC ní Amẹ́ríkà gbé ìpín kan jáde nínú eré àwàdà Happy Days. Nínú ìpín náà, Fonzie, géńdé tí gbogbo ọmọdé ìgbà yẹn ń fara wé, wọ ṣòkòtò péńpé tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́, ó gbé jákẹ́ẹ̀tì aláwọ rẹ̀ tí kì í bọ́ lé e, ó dúró lórí pátákó tí ọkọ̀ ojú omi ń fà, ó sì fò kọjá lórí ẹja ṣáàkì tí wọ́n há mọ́ ojú kan nínú òkun. Ó balẹ̀ láìfarapa, àwọn tó ń wòran hó yèè. Ọgbọ̀n ọdún kò pé lẹ́yìn náà tí ìfò yìí fi di orúkọ ìkànnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ta ìkànnì ọ̀hún ní owó tí ìròyìn ìgbà náà ní ó ju mílíọ̀nù dọ́là kan lọ. Ẹni tó tà á kò kọ Happy Days, kò ṣe nínú rẹ̀, kò sì ní ẹ̀tọ́ kankan lórí rẹ̀. Kí ló wá rí tà?

Ká kọ́kọ́ mọ irú eré tí à ń sọ. Ìdílé kan náà àti àwọn ọ̀rẹ́ kan náà ló máa ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wàhálà kan á ṣẹlẹ̀, á pa èèyàn lẹ́rìn-ín, á sì yanjú kí àkókò tó tán. Ẹni tó bá jókòó ti Baba Sàlá tàbí Papa Ajasco rí kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Garry Marshall ló dá Happy Days sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1974, Henry Winkler ló sì ṣe Fonzie. Ìyọnu irú eré bẹ́ẹ̀ ni pé bó bá ti ń mówó wọlé, àwọn tó ni ín kì í fẹ́ kó parí. Àwọn òǹkọ̀wé ti sọ gbogbo ìtàn tó wà lọ́kàn wọn tán, ọdún tuntun sì dé, wọ́n gbọ́dọ̀ rí nǹkan fi sí i. Bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tuntun wọlé nìyẹn, tí wọ́n ń dá ìgbéyàwó sílẹ̀, tí wọ́n ń kó gbogbo ẹbí lọ sí Hollywood, tí ẹja ṣáàkì fi bá wọn lálejò.

Òǹwòran kì í ṣòpè. Ó máa ń mọ ọjọ́ tí eré tó fẹ́ràn bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ohun tí wọ́n ń fipá ṣe. Ní ọdún 1985, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Michigan jókòó sí yàrá wọn, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: eré wo ló bàjẹ́, ọjọ́ wo ló sì bàjẹ́? Nígbà tó kan Happy Days, ọ̀kan nínú wọn ní ìyẹn ò le rárá, ọjọ́ tí Fonzie fò kọjá ṣáàkì ni. Gbogbo wọn dákẹ́, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń sọ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe àpèjúwe ohunkóhun tó bá ti kọjá ìgbà tó dùn. Jon Hein wà nínú yàrá náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá 1997, ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ó ṣí ìkànnì kan, ó sì sọ ọ́ ní Jump the Shark.

Ohun tó kọ́kọ́ gbé síbẹ̀ kò ju àkójọ eré bí 200 àti èrò tirẹ̀ lórí wọn lọ. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, kò sẹ́ni tí ì bá rántí rẹ̀ lónìí. Ohun tó sọ ọ́ di ńlá ni bó ṣe tò ó. Eré kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Lójú ewé náà, àlejò á rí àwọn ọjọ́ tí àwọn ẹlòmíì rò pé eré náà bàjẹ́, á dìbò fún èyí tó gbà, tàbí kó dá tirẹ̀ kalẹ̀, á sì kọ gbólóhùn díẹ̀ láti fi gbèjà ara rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ẹ̀sùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í jọra láti eré dé eré, Hein sì kó wọn sábẹ́ orí ọ̀rọ̀ kan-ùn kan-ùn. Ọmọ tó ń ṣeré ti dàgbà, ohùn rẹ̀ ti ki. Ọkùnrin àti obìnrin tó ti ń bára wọn jà láti ìbẹ̀rẹ̀ wá lọ fẹ́ra wọn. Ọmọ kékeré kan ṣàdédé dé sínú ilé láti wá pa èèyàn lẹ́rìn-ín, bíi Oliver tí wọ́n mú wọ inú The Brady Bunch ní 1974, tí eré náà kò sì ju ìpín mélòó kan lọ mọ́ tó fi kógbá sílé. Òṣèré mìíràn gba ipò ẹni tí gbogbo ayé ti mọ̀, bí wọ́n ṣe pààrọ̀ ọkọ inú Bewitched ní 1969 láìsọ nǹkan kan fún òǹwòran, tí ìyàwó sì ń bá ọkọ tuntun náà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun náà ló ti wà níbẹ̀ látilẹ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ìkànnì náà ní orí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, òṣèré kan tó ń jẹ́ Ted McGinley. Ọkùnrin yìí wọ inú Happy Days nígbà tí ọ̀sán rẹ̀ ti pọ́n, ó wọ The Love Boat nígbà tí òun náà ti ń lọ sí ìparí, ó tún wọ Married... with Children lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí ìyẹn ti ń lọ. Àwọn èèyàn bá sọ ọ́ di àmì: ibi tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á ní eré ti bàjẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òṣèré tí wọ́n bá pè láti wá dí àlàfo nínú eré tó ti gbó, kò lè ṣe kó má bá a ní àgbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń wá òótọ́ níbi ẹ̀fẹ̀?

Orí ọ̀rọ̀ kan tún wà fún eré tí kò bàjẹ́ rí. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Òun ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó fẹ́ràn eré kan débi pé wọn kò lè gbọ́ àbùkù rẹ̀. Wọ́n á wọlé pẹ̀lú ìbínú, wọ́n á dìbò pé kò bàjẹ́ rí, wọ́n á kọ ìwé gígùn lé e. Ẹni tó ń bú eré àti ẹni tó ń gbèjà rẹ̀, ìkànnì kan náà ni àwọn méjèèjì ń kọ̀wé fún.

Ìbéèrè tí Hein gbé kalẹ̀ ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló kọ́kọ́ ṣe ọkọ nínú Bewitched, o dáhùn tán, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni eré bàjẹ́? Kò sí adájọ́ tó lè dá a. Ẹ wo Happy Days fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2010, Fred Fox Jr., ẹni tó kọ ìpín ẹja ṣáàkì náà, jáde nínú ìwé ìròyìn Los Angeles Times láti gbèjà iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní àwọn tó wo ìpín náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn lé ní mílíọ̀nù 30, pé eré náà sì ń bá a lọ dáadáa lẹ́yìn náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àní títí di 1984 ni wọ́n ń ṣe é. Eré tí gbogbo ayé fi ṣàpẹẹrẹ ìbàjẹ́ kò tíì bàjẹ́ rárá lójú ẹni tó ń kówó rẹ̀! Bí ìdáhùn bá lè ṣeé jà sí báyìí lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ìkànnì tó dúró lórí ìbéèrè náà kò ní ṣaláìní àlejò.

Ìtumọ̀ èyí lójú òwò ni pé iṣẹ́ tó wọ́n jù lọ nínú iléeṣẹ́ ìròyìn, ìyẹn kíkọ nǹkan tí èèyàn yóò kà, àwọn àlejò ló ń ṣe é, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìtara. Ìpín tuntun ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ tuntun kì í wọ́n. Ẹni tó ni ìkànnì dà bí ẹni tó ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù: kò gbá bọ́ọ̀lù, kò mọ ẹni tí yóò jẹ góòlù, àríwò tó kún ilé kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìjókòó tirẹ̀ ni, ìloro tí ẹlẹ́ran súyà gbé ààrò sí tirẹ̀ náà ni. Ohun tó ń náwó lé kò pọ̀: owó orúkọ ìkànnì lọ́dọọdún, owó ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ńlá, àti àkókò tirẹ̀ láti máa yọ èébú kúrò.

Báwo ni owó ṣe ń wọlé fún irú ìkànnì bẹ́ẹ̀? Ìpolówó ni àkọ́kọ́. Láti ọdún 1994 tí ìpolówó onígun mẹ́rin ti kọ́kọ́ fara hàn lórí ìkànnì, iye ìgbà tí ìpolówó bá hàn ni wọ́n sábà fi ń ṣírò rẹ̀, ẹgbẹ̀rún lé ẹgbẹ̀rún. Ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é: bí èèyàn 10,000 bá wọlé lóòjọ́, tí kálukú ṣí ojú ewé 5, ìpolówó á hàn nígbà 50,000. Bí olùpolówó bá ń san dọ́là 2 fún ẹgbẹ̀rún kan, dọ́là 100 ni lóòjọ́, bíi 3,000 lóṣù. Ẹ kíyè sí i pé iye ojú ewé tí àlejò ṣí náà ló ń pinnu owó ọ̀hún, kì í ṣe iye àlejò nìkan. Ẹni tó bá wá wo ọ̀rọ̀ eré kan, tó rí orúkọ McGinley, tó tẹ̀ ẹ́, tó tibẹ̀ bọ́ sórí eré mẹ́ta mìíràn, òun ni oníbàárà gidi. Ìdí nìyí tí àwọn orí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́fẹ̀ yẹn fi ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe rí lójú lọ: wọ́n ń fa èèyàn láti ojú ewé kan bọ́ sí òmíràn.

Ọ̀nà kejì ni owó ọwọ́ ìtàjà. Amazon ti bẹ̀rẹ̀ láti 1996 láti máa fún àwọn oníkànnì ní díẹ̀ nínú owó ọjà tí àlejò wọn bá lọ rà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Google gbé AdSense dé ní 2003, oníkànnì kékeré kò nílò láti máa wá olùpolówó kiri mọ́. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á ka ojú ewé náà, á sì wá ìpolówó tó bá a mu síbẹ̀. Àwọn tó ní ìkànnì eré àtijọ́ jàǹfààní èyí gan-an, torí wọ́n ní ojú ewé rẹpẹtẹ tí ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ sì ni ẹ̀rọ ìwákiri ń jẹ.

Ṣùgbọ́n owó ìpolówó nìkan kọ́ ló gbé Hein dé ibi tó dé. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló jáde kúrò nínú ìkànnì, tó lọ ń rìn kiri ìgboro. Oníwèé ìròyìn tó fẹ́ ṣàríwísí òṣèlú tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá á ní ó ti fò kọjá ṣáàkì. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò á sọ ọ́ nípa olórin, nípa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Bí ẹnikẹ́ni bá ti lò ó, ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ á lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tó sì máa já sí ni ìkànnì tó ń jẹ́ orúkọ náà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Níbi tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ àbùkù ló ń yọ owó. Ní 2002, Hein kó ohun tó wà nílẹ̀ sínú ìwé, ó pe òun náà ní Jump the Shark, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ kọjá tẹlifíṣọ̀n dé ọ̀dọ̀ àwọn olórin, eléré ìdárayá àti olóṣèlú. Ìwé tún sọ orúkọ náà di ńlá, orúkọ ńlá tún mú àlejò wá.

Òfin wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ẹni tó ń gbèrò irú òwò yìí mọ̀, torí àwọn míì ti kó sí i lọ́wọ́. Ní 1994, ilé ìtẹ̀wé kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé ìbéèrè lórí eré àwàdà Seinfeld: ìbéèrè 643 láti inú ìpín 84, ohun tí tọ̀hún sọ, ibi tí tọ̀hún ń gbé, oúnjẹ tí tọ̀hún jẹ. Olólùfẹ́ eré náà ló kọ ọ́. Iléeṣẹ́ Castle Rock tó ni eré náà gbé wọn lọ sí kóòtù. Àwọn tó tẹ̀wé ní òtítọ́ tó ṣẹlẹ̀ nínú eré ni àwọn bi èèyàn, pé kò sì sẹ́ni tó ni òtítọ́. Kóòtù ní rárá: kò sí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, ẹnì kan ló jókòó tó ro gbogbo rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì kó jọ láti inú àròsọ rẹ̀, ara dúkìá rẹ̀ ni. Owó tí wọ́n ní kí wọ́n san jẹ́ dọ́là 403,000, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 1998. Láàárín àwọn ọdún náà, àwọn iléeṣẹ́ tó ni eré ńláńlá bíi Star Trek náà ń kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí àwọn olólùfẹ́ tó ń gbé àwòrán àti ohùn eré sórí ìkànnì wọn. Ẹ wá wo ibi tí ìkànnì Hein dúró sí: kò bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó wà nínú eré, èrò ọkàn wọn nípa rẹ̀ ló ń bi wọ́n. Àríwísí kì í ṣe dúkìá ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí. Ọjà tí òfin kò lè tètè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń tà, bóyá ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1997 o, bóyá kò mọ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 2006, ó ta iléeṣẹ́ náà fún Gemstar, tó ni ìwé ìròyìn TV Guide. Ìdí tí wọ́n fi rà á kò farasin. Láti 1953 ni TV Guide ti ń sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àkójọ ètò ti wà lójú tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, ta ló kù tó ń ra ìwé nítorí ìyẹn? Ní 2005, ìwé ìròyìn náà ti dín iye ẹ̀dà tó fi ń dá àwọn olùpolówó lójú kù láti mílíọ̀nù 9 sí mílíọ̀nù 3.2. Àwọn èèyàn tó ń lọ yẹn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń lọ, Jump the Shark sì ti ní wọn níbẹ̀. Ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n rà ni orúkọ kan tí gbogbo ìlú mọ̀, àdírẹ́sì tí èèyàn ń fẹsẹ̀ ara wọn wá, àti ọdún mẹ́jọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn àlejò ti kọ sílẹ̀.

Wọ́n lo méjì àkọ́kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ìkẹta ti dàwátì: àwọn ìbò àti àwọn ìwé àtijọ́ kúrò níbẹ̀, ìròyìn nípa tẹlifíṣọ̀n ló gba ipò wọn. Lójú tèmi, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ra ilé, ó sì lé gbogbo ayálégbé jáde. Ó ṣeé ṣe kí ó ní ìdí lójú iléeṣẹ́ ńlá. Ọ̀rọ̀ tí àjèjì kọ máa ń ní èébú nínú, olùpolówó olówó kì í fẹ́ jókòó ti èébú, owó àwọn tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò sì ń wọ́n. Àwọn tí wọ́n lé kò lè máa jẹ́ orúkọ àtijọ́ mọ́, torí wọ́n ti tà á. Díẹ̀ nínú wọn lọ dá ìkànnì mìíràn sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Bone the Fish, wọ́n sì ń bá ìjà wọn lọ níbẹ̀. TV Guide alára kò rí ìdúró: ní 2008, àwọn tó ra Gemstar ta ìwé ìròyìn náà fún iléeṣẹ́ mìíràn ní dọ́là 1 péré, owó tí kò tó ra ẹ̀dà kan lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀. Hein ti lọ sórí rédíò ní tirẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ló gba ojú ọ̀nà yìí. Ní 1998, àwọn mẹ́ta kan bẹ̀rẹ̀ ìkànnì láti máa fi eré Dawson's Creek ṣe yẹ̀yẹ́ ìpín dé ìpín. Ó gbòòrò, ó di Television Without Pity, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Bravo rà á ní 2007, àwọn tó dá a sílẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti ìkànnì náà pa ní 2014. Àwọn mẹ́ta yẹn tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, Previously.TV.

IMDb ni ó yàtọ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ olólùfẹ́: ní 1990, Col Needham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àkójọ orúkọ òṣèré àti olùdarí eré tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ jọ, ó sì fi í síbi tí gbogbo èèyàn lè wá orúkọ nínú rẹ̀. Ó di iléeṣẹ́ ní 1996, Amazon rà á ní 1998, Needham sì ń darí rẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ní oṣù kejì 2017, IMDb ti ibi tí àwọn àlejò ti ń jiyàn pa, gẹ́gẹ́ bí TV Guide ti ṣe. Inú àwọn tó ń jiyàn níbẹ̀ kò dùn, wọ́n kó ẹrù wọn lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n àkójọ orúkọ kò kúrò níbẹ̀, ẹni tó ń wá òṣèré sínú eré ṣì ń sanwó láti wo apá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ láti 2002, àwa yòókù sì ń wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.